Ìlànà Tí A Fínnúfíndọ̀ Gbà Lórí Ẹran Ọ̀sìn: Ìtàn Kan Láti Ọjà Ńlá Niamey

Ní ọdún 1982, iná jó Ọjà Ńlá tó wà ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní 1986, pẹ̀lú àwọn ẹnu-ọ̀nà gàgàrà àti àwọn ọ̀nà tóóró tí òjìji ń bò, kí oòrùn Sahel má baà pa ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Grand Marché ni àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè é. Habou Béné ni àwọn Zarma mọ̀ ọ́n sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti wà lára àwọn oníṣòwò ìlú náà, nítorí pé láti ayé ìjọba Faransé ni àwọn èèyàn wa ti ń gbé ọjà wọ Niger. Aṣọ àti ọjà òkèèrè ló kọ́kọ́ ń kún ojú ẹni tó bá wọ inú ọjà ní Niamey. Ohun tí ilẹ̀ Niger fúnra rẹ̀ ń mú wá yàtọ̀: kílíṣí ni, wàrà gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní tchoukou, bàtà awọ àti àpò awọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, uranium nìkan ló ń mú owó òkèèrè wọ Niger ju ẹran ọ̀sìn lọ.

Ìlànà tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé láti sin ẹran yìí ni ìtàn wa dá lé, pàápàá èyí tí kì í ṣe ìjọba ló fi kùmọ̀ múni pa á mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn olùsìn, oníṣòwò àti àwọn tó ń dáàbò bo àyíká ló máa ń jọ jókòó kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ni yóò gbà á, ẹni tó bá sì pa á mọ́ yóò gba ìwé ẹ̀rí tàbí àmì tí yóò fi lé ọjà rẹ̀ lára. Ìwé tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, bíi pé kò sẹ́ni tó ronú kàn án tẹ́lẹ̀. Ní Niger, ìtàn náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kànga ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní apá àríwá Niger, níbi tí òjò kì í ti í ju oṣù méjì sí mẹ́ta lọ lọ́dún, koríko kì í ṣe ti ẹnì kan. Kànga ló lólówó. Ìdílé tàbí ẹ̀yà tó bá gbẹ́ kànga ló ń pinnu ta ni yóò fún ẹran lómi níbẹ̀, ìgbà wo, àti fún ọjọ́ mélòó. Àlejò kì í kàn dà màlúù rẹ̀ débẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rí onílé, yóò sọ ibi tó ti ń bọ̀ àti bí ara ẹran rẹ̀ ṣe rí. Bí àrùn bá wà lára agbo náà, wọn yóò ní kó kọjá síbòmíràn. Bí àlejò bá ti ń pọ̀ jù, omi á dín kù fún un, á sì ṣí lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní àṣẹ lórí omi ti ní àṣẹ lórí iye ẹnu tí yóò jẹ koríko tó yí i ká. Bí àwọn Tuareg àti àwọn Fúlàní Wodaabe ṣe fi kànga tọ́jú pápá nìyẹn, láìsí ọ̀gá-pápá kankan tí ìjọba yàn.

Ní gúúsù, láàrin àwọn àgbẹ̀ Hausa àti Zarma, àdéhùn mìíràn wà. Lẹ́yìn ìkórè ọkà bàbà àti jéró, àgbẹ̀ yóò pe darandaran wá sí oko rẹ̀. Màlúù yóò jẹ pòròpórò tó kù nílẹ̀, yóò sì sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbẹ́ rẹ̀ á di ajílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Darandaran á gba oúnjẹ, omi tàbí owó díẹ̀. Lẹ́yìn òjò, ní bíi oṣù kẹsàn-án, àwọn agbo ẹran á kóra jọ sí agbègbè In-Gall ní àríwá láti lá iyọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, ayẹyẹ tí àwọn Faransé fún lórúkọ Cure Salée. Gbogbo èyí ní ìgbà, ó ní ààlà, ó sì ní ìtanràn fún ẹni tó bá rú u. A kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí ìjà nígbà náà. Ìjà kànga wà, àwọn ẹrú àti ìwọ̀fà ló sì ń fa omi fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ìlànà ni, àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ ló sì ṣe é.

Ìjọba Faransé mú irú ìlànà mìíràn dé, èyí tí dókítà ẹranko àti ọ̀gá ìjọba ń kọ ní ọ́fíìsì. Ní 1931 wọ́n dá ibùdó Toukounous sílẹ̀ ní agbègbè Filingué, níbi tí wọ́n ti ń ṣa màlúù Azawak, tí ó máa ń ní wàrà ju ọ̀pọ̀ màlúù Sahel lọ, tí wọ́n sì ń mú irú rẹ̀ jáde. Ní Maradi, ewúrẹ́ pupa ló wù wọ́n. Awọ rẹ̀ rọ̀, ó sì lágbára. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ti ń gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Àríwá Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, débi pé orúkọ Morocco ni àwọn òyìnbó ń pè é láìmọ̀ pé ilẹ̀ Hausa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Kí awọ tó ń dé ọjà Yúróòpù lè jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, wọ́n ṣètò pé kí wọ́n tẹ àwọn òbúkọ tí àwọ̀ wọn kì í ṣe pupa lọ́dàá. Òdiwọ̀n nìyẹn lóòótọ́, ó sì ṣiṣẹ́: ewúrẹ́ pupa gbilẹ̀ ní Maradi títí di òní. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi obìnrin tó ni ewúrẹ́ dúdú ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Níbi ìtọ́jú àrùn, iṣẹ́ ìjọba kò ṣeé fojú kéré. Rinderpest, àrùn tó pa màlúù Áfíríkà bí ilẹ̀ bí ẹní ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni wọ́n dojú ìjà kọ lọ́nà tó létò láti 1962, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè àyíká Adágún Chad, Niger àti Nàìjíríà nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí gún màlúù wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà kan náà lábẹ́ ètò JP15. Ní 2011 ni àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Darandaran tó ti rí i pé abẹ́rẹ́ náà ń gba ẹran òun là kò nílò ọlọ́pàá kí ó tó mú màlúù wá.

Níbi omi ni ìjọba ti kọsẹ̀. Niger gba òmìnira ní 1960. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 1961, òfin kan fa ìlà sí àríwá orílẹ̀-èdè náà: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá oko òwò kọjá ìlà yìí, ilẹ̀ ìjẹko ni. Òfin rere ni lórí ìwé. Ní àkókò yẹn kan náà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga jíjìn káàkiri ilẹ̀ ìjẹko, kànga tí ẹ̀rọ ń fa omi rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, tí ó sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Omi pọ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún àlejò pé ó tó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran kóra jọ síbi tí ọgọ́rùn-ún mélòó kan ti ń mu tẹ́lẹ̀. Koríko àyíká kànga tán, ilẹ̀ di yanrìn. Nígbà tí ọ̀dá ńlá dé láti 1968, tí ó sì le jù lọ ní 1972 àti 1973, ẹran kò kú nítorí òùngbẹ lẹ́bàá àwọn kànga wọ̀nyí. Ebi ló pa wọ́n, pẹ̀lú omi lẹ́nu. Edmond Bernus, onímọ̀ Faransé tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin àwọn Tuareg, ṣàkọsílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, àwọn darandaran kan sì ti bẹ ìjọba láti pa ẹ̀rọ àwọn kànga kan kí koríko lè sinmi.

Mo dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kànga yìí nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó kù ti wá. Ìlànà àtijọ́ ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìlànà ni. Àwọn amẹ̀rọ rò pé omi ló wọ́n. Àṣẹ lórí omi ló wọ́n. Ní 1968 kan náà ni Garrett Hardin, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó lókìkí, pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò ní ṣaláìbàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ìjọba sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n fẹ́ fi wáyà gé pápá sí wẹ́wẹ́. Niger náà gbìyànjú ọgbà ẹran ńlá, bíi ti Ékrafane. Ó di 1990 kí Elinor Ostrom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà bíi Hardin, tó fi ìwé rẹ̀ hàn pé àwọn ará abúlé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti ń ṣètò ohun àjùmọ̀ní wọn dáadáa láìsí wáyà, láìsí ìjọba. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2009. Àwọn tó ni kànga ní agbègbè Azawak ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ṣáájú, bí ẹnì kan bá bi wọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀dá, owó ìrànwọ́ dé. Láàrin 1979 àti 1983, ètò kan tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí pápá àti ẹran ní àárín gbùngbùn Niger bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn darandaran jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí wọ́n lè jọ ra oúnjẹ ẹran, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lórí pápá wọn. Ọ̀dá 1984 tún gbá púpọ̀ nínú ẹran wọn lọ. Èrò ẹgbẹ́ kò bá a lọ. Ní 1990 ni AREN, ẹgbẹ́ fún ìjí ìsìn ẹran dìde ní Niger, bẹ̀rẹ̀. Ní 2003 òun àti àwọn ẹgbẹ́ kan ní Mali àti Burkina Faso dá àjọṣe Billital Maroobè sílẹ̀, tí olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Niamey. Fún ìgbà àkọ́kọ́, darandaran ní ẹnu tí minisítà lè gbọ́.

Ọdún 1993 mú Òfin Ìgbèríko wá ní Niger, èyí tó gbà pé darandaran ní agbègbè tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ pàtàkì sí, bí ó tilẹ̀ ń kúrò níbẹ̀ tó ń padà. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì. Ẹran Niger di pọ́ọ́kú lọ́wọ́ àwọn ará etíkun, ẹran dídì tí Yúróòpù ń fi owó ìrànwọ́ tà ní Abidjan àti Cotonou sì di ọ̀wọ́n. Agbo ẹran tó ń lọ sí gúúsù pọ̀ sí i. Ìjà oko náà pọ̀ sí i.

Èyí ló mú kí àwọn olórí ECOWAS fọwọ́ sí ìpinnu kan ní Abuja ní oṣù kẹwàá 1998 lórí dída ẹran kọjá ààlà. Ìwé ẹ̀rí ìrìn-àjò ẹran ni ọkàn rẹ̀. Ó dára kí a wo ìwé yìí dáadáa. Orúkọ olówó ẹran wà lórí rẹ̀, iye ẹran àti oríṣi rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti gún fún wọn, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, ẹnubodè tí wọn yóò kọjá àti ibi tí wọ́n ń lọ. Ìwé náà ní láti ti ibi tí agbo náà ti gbéra wá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Ojú mọmọ nìkan ni ẹran gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè, ẹni tó ń dà á kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 18. Ní oṣù kìíní 2003, ní Dakar, wọ́n tún ṣe àlàyé bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò ṣe máa mú un ṣẹ.

Bí a bá fi ojú ìlànà wò ó, ohun gbogbo tí àwọn àjọ àgbáyé ń béèrè lónìí wà nínú ìwé yẹn: ibi tí ẹran ti wá, ìlera rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀, ẹni tí yóò dáhùn fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ló ba a jẹ́. Darandaran tó ní ìwé tó pé pérépéré máa ń sanwó fún agbófinró bí ẹni tí kò ní rárá. Nígbà tí ìwé kò bá gba ẹni tó mú un lọ́wọ́ ìyà, kò pẹ́ tí ènìyàn fi ń dẹ́kun láti máa wá a. Àbùkù ìwé kọ́ nìyẹn, àbùkù àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ni.

Ní àkókò kan náà, ní ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ ìlànà àfínnúfíndọ̀ṣe ń gbilẹ̀. Ní 1997 àwọn ilé ìtajà ńlá Yúróòpù dá ìlànà oko EUREPGAP sílẹ̀, èyí tó di GLOBALG.A.P. ní 2007. Ní 2002 àwọn tó ń kọ ìlànà fún igi, ẹja àti kọfí dá ISEAL sílẹ̀, wọ́n sì kọ bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn kọ ìlànà: kí wọ́n pe gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ síta fún àríwísí, kí wọ́n dáhùn àríwísí náà, kí wọ́n sì máa tún un yẹ̀ wò lóòrèkóòrè.  Ní ti ẹran, ìwé FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti 2006 ló ta àwọn ènìyàn jí, nígbà tó sọ pé ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì tó ń mú ayé gbóná ló ń ti ọ̀dọ̀ ẹran ọ̀sìn wá. Ní 2013 wọ́n tún un ṣírò sí ìdá 14.5. Ìṣirò gbogbo ayé ni. Màlúù tó ń jẹ ọkà nínú ọgbà ní Texas àti èyí tó ń jẹ koríko gbígbẹ ní Tahoua, ní Niger, wọ inú iye kan náà, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní oṣù keje 2010, àjọ SAN, tí Rainforest Alliance wà nínú rẹ̀, gbé ìlànà kan jáde fún ìsìn màlúù, èyí tó kọ pípa igbó fún pápá ìjẹko. Ọgbà ẹran kan ní Mato Grosso, ní Brazil, ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 2012. Ọdún yẹn náà ni Global Roundtable for Sustainable Beef fìdí múlẹ̀, lẹ́yìn ìpàdé tó wáyé ní Denver ní 2010. McDonald's, Cargill, JBS àti WWF wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2014, ní São Paulo, wọ́n gba òpó márùn-ún: ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀, ènìyàn àti àwùjọ, ìlera àti ìtọ́jú ẹran, oúnjẹ, àti ìmọ́ṣẹ́ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun. Wọn kò pè é ní ìlànà tí ènìyàn fi ń gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Kánádà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kejìlá 2017.

Òpó márùn-ún náà kò burú. Kò sí darandaran tí yóò sọ pé òun kò fẹ́ omi mímọ́ tàbí ẹran tó lára le. Ìṣòro wà nínú ohun tí wọ́n gbà pé ó ti wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ènìyàn wò. Olùyẹ̀wò á béèrè fún àwòrán ilẹ̀ oko, ṣùgbọ́n agbo ẹran kan lè lo ọdún kan ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta. Á béèrè fún ìwé tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú ẹran sí lójoojúmọ́. Á tún gba owó fún àyẹ̀wò, owó tí ọgbà tó ní ẹgbẹ̀rún màlúù lè san, tí ìdílé tó ní ogún kò lè rí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ìlànà wọ̀nyí lórúkọ ní wáyà yí ká.

Kò sì jẹ́ pé Áfíríkà jókòó lásán. ARSO, àjọ tó ń ṣètò òdiwọ̀n fún Áfíríkà láti 1977, ti gbé àmì tirẹ̀, Eco Mark Africa, kalẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹja, igbó àti ìrìn-àjò afẹ́. Ní Niger, ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù ni 20 oṣù karùn-ún 2010. Ìjọba ológun fìdí-hẹ́ tó wà lórí oyè nígbà náà fọwọ́ sí òfin nọ́ńbà 2010-029 lórí ìsìn ẹran alárìnkiri. Òfin náà sọ pé ẹ̀tọ́ pàtàkì ni fún darandaran láti máa lọ máa bọ̀ pẹ̀lú ẹran rẹ̀, ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba ilẹ̀ ìjẹko ti gbogbo ènìyàn sọ di tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹgbẹ́ darandaran fi jà lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní àbùkù, ìyẹn àìdúró sójú kan, ni Niger kọ sínú òfin bí ẹ̀tọ́. Ní 2012 FAO gbé ìtọ́sọ́nà àfínnúfíndọ̀ṣe jáde lórí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Ní 2016 wọ́n fi ìwé kan kún un fún ilẹ̀ àwọn darandaran. Láàrin méjèèjì, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2013, àwọn ìjọba Sahel mẹ́fà kéde ní Nouakchott pé àwọn yóò ná owó sí ìsìn ẹran alárìnkiri, Báńkì Àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ ètò PRAPS fún wọn ní 2015: kànga, ibi ìgún-ẹran-lábẹ́rẹ́, ọjà ẹran, àti ọ̀nà tí ẹran ń gbà.

Níbi ọjà ẹran, Benin ló kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́gbọ́n. Ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, àwọn olùsìn ẹran rí i pé àwọn dìláálì, aláàárín tó ń dúró láàrin olùtà àti olùrà, máa ń bá olùrà sọ iye kan, kí wọ́n sọ iye mìíràn fún ẹni tó ni ẹran, kí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ rẹ̀ sápò. Ẹgbẹ́ UDOPER, tó di ara ANOPER nígbà tó yá, ṣètò ọjà tí àwọn olùsìn fúnra wọn ń darí ní Gogounou àti àwọn ìlú mìíràn. Olùtà àti olùrà á dojú kọ ara wọn, wọ́n á ná ọjà ní gbangba, ẹlẹ́rìí á wà, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Owó díẹ̀ tí wọ́n bá gbà lórí ẹran kọ̀ọ̀kan, ìjọba ìbílẹ̀ á pín nínú rẹ̀. Dìláálì ò pòórá. Ó di ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń sanwó fún. Ìjọba kò pa á láṣẹ, àmì kankan kò sì sí lára màlúù. Lójú tèmi, ó wà lára ìlànà àfínnúfíndọ̀ṣe tó dára jù tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ṣe, nítorí pé ẹni tó ń pa á mọ́ ń rí èrè rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Kí a padà sí Niamey. Tourakou ni ọjà ẹran ìlú náà. Ibẹ̀ ni alápatà ti ń ra màlúù kí ó tó dà á lọ sí odò ẹran. Ẹni tó ń ṣe kílíṣí á gba ẹran tí kò ní egungun, á fi ọ̀bẹ gígùn là á títí yóò fi fẹ́lẹ́, á tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú oòrùn. Bí ó bá gbẹ, á rì í sínú àpòpọ̀ kúlíkúlí, ata, atalẹ̀, iyọ̀ àti àlùbọ́sà, á tún sá a, á sì fi iná yan án díẹ̀. Oníbàárà mọ bí a ti ń dá èyí tó dára mọ̀: ó ń wo bí ó ti fẹ́lẹ́ tó, ó ń gbọ́ òórùn ẹ̀pà rẹ̀ bóyá ó ti kan, ó ń fi eyín dán yanrìn wò, nítorí ẹ̀fúùfù Sahel kì í mọ kílíṣí yàtọ̀ sí ilẹ̀. Kílíṣí àti awọ ewúrẹ́ pupa Maradi wà lára ohun tí àwọn ará Niger ti ń wá àmì ìdánimọ̀ fún lábẹ́ OAPI, àjọ tó ń fúnni ní irú àmì bẹ́ẹ̀, tó wà ní Yaoundé. Òdiwọ̀n ìmọ́tótó ló pọ̀ jù nínú irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè nípa pápá tí màlúù náà jẹ àti kànga tó mu kì í sábà dé ojú tábìlì.

Wàrà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ni jù. Ní 1971 ìjọba dá ilé iṣẹ́ wàrà OLANI sílẹ̀ ní Niamey kí àwọn ará ìlú lè máa mu wàrà Niger. Ìyẹ̀fun wàrà láti òkèèrè rọrùn láti rà, ó sì pọ́ọ́kú, púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ìlú náà ń tà sì wá di ìyẹ̀fun tí wọ́n pò mọ́ omi. Èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò, tí wọ́n fi epo pupa tí wọ́n ti sọ di funfun rọ́pò. Ní 2018, Billital Maroobè, ẹgbẹ́ olùsìn APESS àti àwọn alábàáṣe wọn bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Mon lait est local (Ilẹ̀ wa ni wàrà mi ti wá) ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, kí oníbàárà lè mọ èyí tó jẹ́ wàrà ilẹ̀ wa. Ní Burkina Faso, àwọn obìnrin tó ní ilé wàrà kéékèèké ti ní àmì kan ṣoṣo, FaireFaso. Àmì tí olùsìn fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọjà rẹ̀ nìyí, bí kò tilẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ojú ìwé lẹ́yìn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà òfin ni a gbà. Èkìtì ṣòfin lórí dída ẹran jẹko káàkiri ní 2016, Ọ̀yọ́ ní 2019, Òndó àti Èkó ní 2021. Ìpànìyàn àti ìbàjẹ́ oko ló fà á, kò sì sí ẹni tó lè bá àgbẹ̀ tó sunkún jiyàn. Benin náà ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ agbo ẹran òkèèrè ní òpin 2019. Àbájáde rẹ̀ fún Niger ni pé ọ̀nà tí ìwé ẹ̀rí 1998 tọ́ka sí kò já síbì kan mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Màlúù ń gba inú ọkọ̀ akẹ́rù báyìí, ẹni tó bá lówó ọkọ̀ ló sì ń rà á.

Lẹ́yìn ìfipá-gbàjọba ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, ECOWAS fi ìyà jẹ Niger, Nàìjíríà sì ti ẹnubodè. Ó di oṣù kẹta 2024 kí wọ́n tó ṣí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, bí Iléyá ti ń sún mọ́lé, ìjọba Niger fi òfin de kíkó ẹran jáde kí àwọn ará ilé lè rí àgbò rà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọdún 2026 sọ́tọ̀ fún pápá ìjẹko àti àwọn darandaran, Mongolia ló sì dá àbá náà. Ìwé ẹ̀rí ìrìn-àjò ẹran tí a ti ń sọ, ti ECOWAS ni. Bí Niger àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá fẹ́ kọ òmíràn, kí wọ́n pe àwọn tó ni ẹran àti àwọn tó ni oko sí ìjókòó ọjọ́ kìíní, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ ìfọwọ́sí.